Chappal Waddi: Òkè Kò Le, Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Ló Le

Yorùbá tó ń gbé Kubwa tàbí Lugbe mọ òkè Zuma dáadáa. Láti ojú títì Madalla ni wọ́n ti ń wò ó, wọ́n á ya fọ́tò láti inú mọ́tò, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà kò gba irú ìyẹn. Chappal Waddi lorúkọ rẹ̀, 2,419 mítà ló fi ga ju ojú òkun lọ, inú Gashaka-Gumti National Park, igbó ìjọba àpapọ̀, ní ìpínlẹ̀ Tàrábà ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù gan-an. Kò sí títì tó gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹni tó bá ti gun òkè Ìdànrè rí á máa retí àtẹ̀gùn. Kò sí. Kò sí irin tí wọ́n ń dì mú, kò sí ilé ìsinmi láàárín ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó gbé omi tútù sórí tó ń polówó. Síbẹ̀, òkè náà fúnra rẹ̀ kò le. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń gùn ún, kò gba okùn, kò gba irinṣẹ́ kankan. Àwọn tó ń padà láìdé orí rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́: odò kún, ọjọ́ tí wọ́n mú kò tó, bàtà tuntun bó wọn lẹ́sẹ̀, gbogbo owó wọn sì wà nínú fóònù tí kò rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ni màá pẹ́ sí jù nínú àròkọ yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ìgbà. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin ni òjò ibẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ó lè má dá títí oṣù kọkànlá á fi wọlé. Lápá gúúsù igbó náà, níbi tí àwọn òkè pọ̀ sí, òjò ọdún kan máa ń sún mọ́ 3,000 mílímítà. Nígbà náà, odò ló ń sọ ẹni tó máa kọjá àti ẹni tó máa dúró, nítorí inú odò ni ọ̀nà tó ti Serti, ìlú tí ẹ ti máa wọ igbó, lọ sí abúlé Gashaka gbà. Oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni gbogbo èèyàn ń dárúkọ, òótọ́ sì ni pé odò ti fà nígbà náà, ilẹ̀ ti gbẹ. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé ọyẹ́ náà ti dé. Ọyẹ́ á gbé eruku aṣálẹ̀ wá, ẹ sì lè dé orí òkè tó ga jù ní Nàìjíríà kí ẹ má rí kọjá òkè kejì.

Tó bá jẹ́ ìran lẹ fẹ́ wò, ìparí oṣù kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ló dáa jù lójú tèmi. Òjò ti fọ ojú ọ̀run, eruku ò tíì pọ̀, koríko ṣì tutù. Ṣùgbọ́n odò lè má tíì fà tán, ẹ gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì tí ẹ lè fi dúró. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò ní fún láàyè ọjọ́ kan lé, kí ó lọ ní oṣù kìíní, kí ó sì gbà pé ọyẹ́ máa bo díẹ̀ nínú ohun tó wá wò. Oṣù kẹta kò wù mí rárá: oòrùn á ti mú nísàlẹ̀, wọ́n á ti sun koríko, èéfín á ti pa pọ̀ mọ́ eruku, àwọn ìsun omi kéékèèké tó wà lókè náà á sì ti gbẹ.

Ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò tó láti Àbújá. Ọjọ́ méje ló bójú mu: méjì fún lílọ, méjì fún bíbọ̀, mẹ́ta nínú igbó. Bí odò bá kún tàbí tí ọ̀kadà bá bàjẹ́, inú mẹ́ta yẹn lẹ máa ti yọ ọ́. Ẹni tó bá ka ọjọ́ rẹ̀ láìfi àyè kankan sílẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí òkè, eré sì ni ó ń mú kí ẹsẹ̀ yẹ̀.

Láti Àbújá, ọ̀nà mọ́tò gba Keffi, Akwanga, Lafia, Makurdi, Katsina-Ala, Wukari àti Mutum Biyu, kó tó yà sí Bali àti Serti. Ẹ má fi ọjọ́ kan ṣoṣo rìn ín. Rògbòdìyàn máa ń bẹ́ nígbà mìíràn láàárín Katsina-Ala sí Wukari, ohun tó sì rọrùn lósù tó kọjá lè má rọrùn lónìí. Àwọn awakọ̀ gáréèjì tó ń ná ọ̀nà Jalingo, olú ìlú Tàrábà, ni kí ẹ bi, kí ẹ bi ju ẹnì kan lọ, kí ẹ má sì rìn lálẹ́. Bí bàálù bá wà láti Àbújá sí Jalingo lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ, ó yẹ kí ẹ san owó rẹ̀, nítorí ó gba gbogbo ọjọ́ kan padà fún yín. Láti Jalingo, mọ́tò á gbé yín gba Bali lọ sí Serti. Olú ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn igbó ìjọba àpapọ̀ wà lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ní Àbújá. Ẹ yà síbẹ̀ kí ẹ tó gbéra, kí ẹ béèrè bóyá igbó ṣí sílẹ̀, iye tí wọ́n ń gbà, àti bí ààbò ṣe rí.

Serti ni ilé iṣẹ́ igbó náà wà. Ibẹ̀ lẹ ti máa san owó ìwọlé, ibẹ̀ náà lẹ ti máa gba rénjà, ẹ̀ṣọ́ igbó, tó máa bá yín lọ. Àwọn kan máa ń rò pé rénjà kò pọn dandan. Ó pọn dandan. Ó mọ ibi tí odò ti fà, ó gbọ́ Fúlàní àti Haúsá, òun sì lẹni tó máa ṣàlàyé yín fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ààlà bí ẹ bá pàdé wọn. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, kí ẹ má sì wọ aṣọ tó jọ ti ṣọ́jà. Owó tí ẹ máa ná, láti Jalingo ni kí ẹ ti gbà á, kí ó jẹ́ owó pẹ́pẹ̀pẹ́. Àwọn olówó POS wà ní Serti àti Gembu, ìlú tó wà lórí òkè Mambilla, àmọ́ lábúlé inú igbó, ẹni tó bá mú owó ńlá wá kò ní rí ṣéńjì.

Kí a tó wọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe di tiwa, torí ọ̀pọ̀ kò kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1960 tí wọ́n ta àsíá Nàìjíríà, agbègbè Gashaka kò sí lára Nàìjíríà. Àwọn Jámánì ló ni ín ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní. Lẹ́yìn ogun náà ni ó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ orúkọ Northern Cameroons. Oṣù kejì ọdún 1961 ni wọ́n dìbò pé Nàìjíríà làwọn ń bá lọ, ó sì wọlé lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ọdún náà. Nígbà tí a gba òmìnira, òkè tó ga jù ní ilẹ̀ wa lónìí kò tíì sí ní ilẹ̀ wa. Àwókù ilé ológun tí àwọn Jámánì kọ́ wà lórí òkè kékeré tó bojú wo abúlé Gashaka. Gígùn rẹ̀ kò gba wákàtí púpọ̀, ó sì dára láti fi dán bàtà àti eékún wò lọ́jọ́ tí ẹ bá dé.

Ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ pa igbó Gashaka àti ti Gumti pọ̀ di ọ̀kan. Ó lé ní 6,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, òun ló tóbi jù nínú irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí a bá gbé gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó sínú rẹ̀, àyè á ṣì kù. Apá Gumti tó bọ́ sí Àdámáwá jẹ́ ọ̀dàn. Apá Gashaka ló ní òkè àti igbó kìjikìji. Àwọn Fúlàní darandaran ti ń gbé inú rẹ̀ kó tó di igbó ọba, abúlé wọn sì ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá dé abúlé kan, ọ̀dọ̀ Jauro, baálé wọn, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ kí i, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí rénjà sọ ohun tó gbé yín wá. Yorùbá tó mọ ìkíni kò ní ṣòro fún láti gbé níbẹ̀. Ẹ má ya fọ́tò obìnrin láìgba àyè.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: méjì pàtàkì ló dé òkè náà. Èkíní gba Serti lọ sí Gashaka pẹ̀lú jíìpù tàbí Hilux tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà, lẹ́yìn náà ni ọ̀kadà tàbí ẹsẹ̀, gba inú àfonífojì gòkè. Èyí ló gùn jù, òun náà ló sì ní igbó àti ẹranko. Èkejì gba títì tó lọ sórí Mambilla, òkè pẹrẹsẹ ńlá kan: láti Mayo Selbe ní ìsàlẹ̀, ẹ ó gun àwọn kọ́ọ̀nà tó ń yí po títí dé orí òkè pẹrẹsẹ náà, kí ẹ tó yà sí ìhà Njawai, kí ọ̀kadà sì gbé yín dé Jauro Hammasaleh, abúlé tí ọ̀pọ̀ ń sùn sí kí wọ́n tó gòkè. Níbí, ẹ ti fi mọ́tò gun èyí tó pọ̀ nínú gíga náà kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó jẹ́ pé orí òkè nìkan ló ń wá, kí ó gba èkejì. Tèmi ni pé kí ẹ gba èkíní lọ bí ọjọ́ bá wà, torí ẹni tó bá gun Chappal Waddi láìrí igbó Gashaka ti fi ìdajì sílẹ̀.

Nípa ọ̀kadà: ẹ fẹnu kò lórí gbogbo nǹkan kí ẹ tó gùn ún. Iye tí ẹ ń san, ṣé lílọ nìkan ni àbí lílọ àti bíbọ̀? Ta ló ń ra epo? Ta ló ń bọ́ ọlọ́kadà lọ́jọ́ tó bá ń dúró dè yín? Inú ìgò ni wọ́n ń ta epo lábúlé, ó sì wọ́n ju ti ìlú lọ. Ẹnì kan lórí ọ̀kadà kan, ẹrù rẹ̀ lẹ́yìn. Èèyàn méjì pẹ̀lú báàgì kò lè gun ibi tó dà bí ògiri, ẹ ó kàn máa sọ̀ kalẹ̀ ni. Kí ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà yín ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà, túùbù kan tó dáa àti gọ́ọ̀mù. Òkúta ibẹ̀ mú, fọkanáísà kò sì sí.

Odò tún ni ọ̀rọ̀ kàn. Ibi tó fẹ̀, tí omi ti ń ru lórí òkúta wẹ́wẹ́, ni kò jìn. Ibi tó dúró jẹ́ẹ́ tó dúdú ló jìn. Ẹ má bọ́ bàtà, torí òkúta ìsàlẹ̀ a máa yọ̀, ẹsẹ̀ tó bó kò sì ní gun òkè lọ́la. Ẹ tú okùn àyà àti ti ìbàdí lára báàgì, kí ó lè bọ́ lẹ́yìn yín bí ẹ bá ṣubú, kó má baà fà yín rì. Ẹ kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, ẹ fi ọ̀pá ṣe ẹsẹ̀ kẹta, ẹ máa sún lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Bí omi tó ń sáré bá kọjá orúnkún, ẹ dúró. Òjò tó rọ̀ lókè lọ́sàn-án lè má dé ìsàlẹ̀ títí alẹ́ á fi lẹ́, ìdí nìyẹn tí odò fi sábà máa ń kéré jù lówùúrọ̀. Etí odò tó ń sáré yìí náà ni àwọn eṣinṣin dúdú kéékèèké tó ń gbé àrùn tó ń fọ́ni lójú kiri ń gbé. Ọ̀sán ni wọ́n ń jẹni, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò kàn wọ́n. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn àti ṣòkòtò gígùn ni oògùn wọn. Ẹ má wọ aláwọ̀ búlúù tó dúdú tàbí dúdú fúnra rẹ̀, torí àwọ̀ yẹn ló ń pe eṣinṣin tsetse.

Bí ìsun omi bá tilẹ̀ mọ́ lójú, màlúù wà lókè rẹ̀. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá sè é. Ohun kan wà níbí tí àwọn tó ń se oúnjẹ kì í rò tẹ́lẹ̀. Omi tó ń hó ní 100°C ní Èkó á hó ní nǹkan bí 95°C ní ibùdó tó ga ní 1,500 mítà, lórí Chappal Waddi, nǹkan bí 92°C ni. Ó ń hó lóòótọ́, àmọ́ kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti kọjá 2,000 mítà, kí omi mímu hó fún ìṣẹ́jú 3 gbáko kí ẹ tó sọ̀ ọ́. Ìrẹsì á pẹ́ lórí iná ju bí ẹ ṣe mọ̀ lọ. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó gbé e kaná. Ẹ̀wà ni kí ẹ fi sílẹ̀ sílé, gáàsì yín á tán kó tó rọ̀. Èlùbọ́ kò níṣòro, torí kò nílò kí omi gbóná tó 100 kó tó di àmàlà. Gàrí ni ọba gbogbo wọn: kò gba iná, kò wúwo, bí ẹ bá sì fi kúlíkúlì àti kílíṣí tí ẹ rà ní Jalingo tì í, ẹ ti jẹun. Wàrà tí àwọn Fúlàní máa gbé fún yín dùn, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá sè é, ó lè ní àrùn màlúù nínú. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e kaná, wọn kì í bínú.

Lọ́jọ́ gígùn, ẹ jí kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ ti wà lójú ọ̀nà ní aago 6. Lítà omi 4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ dín sí 3. Koríko ló bo èyí tó pọ̀ jù nínú òkè náà, igi kò sí bí kò ṣe nínú àwọn kòtò tí omi ń gbà, nítorí náà oòrùn kò ní ibi tí yóò yà sí, fìlà sì ṣe pàtàkì ju ọ̀pọ̀ nǹkan tí àwọn èèyàn ń kó dání lọ. Ẹ mú súwẹ́tà pẹ̀lú. Òtútù á máa fi nǹkan bí dígírì 6 pọ̀ sí i fún 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gùn, atẹ́gùn orí òkè á sì tún fi tirẹ̀ kún un. Ẹni tó làágùn gòkè tó wá jókòó nínú atẹ́gùn á gbọ̀n.

Ẹ dá aago kan fún ara yín, bí aago 1 ọ̀sán: ibi yòówù tí ẹ bá dé nígbà náà, ẹ yí padà. Sísọ̀ kalẹ̀ ló ń ṣe èèyàn léṣe jù. Koríko gbígbẹ tó sùn sílẹ̀ a máa yọ̀, eékún á ti rẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ á sì máa fi orí gbá iwájú bàtà. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì ti fi bàtà náà rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Bí kùrukùru bá dé, ẹ jókòó títí yóò fi ká. Ìhà kejì òkè náà, Kamẹrúùnù ni, kò sì sí ògiri tó ń sọ fún ẹni tó ṣìnà pé ó ti sọdá. Ẹ ti gba máàpù sórí fóònù láti Jalingo, kí ẹ sì pa roaming, torí fóònù lè gbá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì òdìkejì mú. Bí ẹ bá gbọ́ àrá, ẹ kúrò lórí ibi tó ga jù lójú ẹsẹ̀.

Nínú igbó, ní agbègbè Kwano lẹ́yìn abúlé Gashaka, ni àwọn ìnàkí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní chimpanzee wà. Irú ti Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ni wọ́n, èyí tó kéré níye jù nínú gbogbo ìnàkí irú wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Volker Sommer dá iṣẹ́ ìwádìí kan sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2000, iṣẹ́ náà sì jẹ́ ká mọ nǹkan tó yani lẹ́nu: àwọn ìnàkí Gashaka ń fi igi wa oyin, wọ́n ń fi igi kó ìjàlọ jẹ, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ ikán, bẹ́ẹ̀ ikán kún ibẹ̀ bámúbámú. Bí ọmọ èèyàn ni wọ́n ń ṣe é, kálukú pẹ̀lú èèwọ̀ ilé rẹ̀. Ẹ má retí pé ẹ ó rí wọn. Igbe wọn lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, tàbí kí ẹ rí ìtẹ́ tí wọ́n tẹ́ sórí igi láti sùn, torí wọ́n máa ń ṣe tuntun lálaalẹ́. Ẹni tó bá ń wúkọ́ tàbí tí imú rẹ̀ ń ṣàn, kí ó dúró sí ibùdó. Ọ̀fìnkìn tiwa lè pa wọ́n. Ẹdun tó ṣeé rí wà, ẹyẹ sì pọ̀ débi pé àwọn tó ń wá wo ẹyẹ nìkan máa ń ti òkè òkun wá.

Bí ọjọ́ bá kù, ó yẹ kí ẹ yà sí Mambilla. Igbó Ngel Nyaki wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abúlé Yelwa, kò tóbi, nǹkan bí 46 kìlómítà onígun mẹ́rin, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti rìn ju Gashaka lọ, ìnàkí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Oko tíì Kakara wà lójú ibẹ̀, ewé rẹ̀ tẹ́jú bíi pé wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé e. Ní Gembu, ẹ ó rí odò Donga, èyí tí wọ́n ní àwọn máa fi tan iná mẹgawáàtì 3,050. Ètò náà ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń kà á nínú ìwé ìròyìn lọ, a ṣì ń tan jẹnẹrétọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Mayo Selbe, ẹ jẹ́ kí oòrùn ti yọ kí kùrukùru ká kúrò lójú títì. Kí awakọ̀ fi jíà kejì sọ̀, kó má fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè délẹ̀, torí bíréèkì tó gbóná kì í mú mọ́, kọ́ọ̀nà ibẹ̀ sì pọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn ohun tó ń jóná lára táyà, ẹ ní kó dúró síbi tó tẹ́jú, kí táyà sinmi fún ogún ìṣẹ́jú. Kó má da omi sí i.